Àwọn Ọdún Mi Lórí Yìnyín

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àfojúsọ́nà mi, ẹ sì kú àdúrà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Peckham níbí. Mo kí Bùọ̀dá Ràṣídì tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo kí ìyàwó wọn, mo kí gbogbo agbo ilé wa ní Ìwó, tọmọdé tàgbà. Ara mi le, a dúpẹ́. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ọ̀rọ̀ orúnkún náà ló sì jẹ́ kí n mú bírò. Mo gbà kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, torí ìbéèrè tí ẹ ń bi mí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá níbí ń bi mí.

Ẹ bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí pé ṣé mo ṣì ń lọ síbi eré omi dídì yẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì yí ọ̀rọ̀ dà. Màámi, mo ti fi í sílẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, ilé ìdáná ilé ìwé kan ní Catford ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òtútù ọdún yẹn, ẹnu kò lè ròyìn rẹ̀. Kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́ dáadáa, ilẹ̀ á ti ṣú. Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé, n kò ní ẹni tí n ó bá sọ̀rọ̀, àfi kí n na ẹsẹ̀ síwájú hítà, kí n máa ronú ẹ̀yin àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ọ̀gá wa nílé ìdáná ni Morag, ọmọ Scotland, obìnrin gbàǹgbà tó jẹ́ pé tó bá kí èèyàn, ẹ ó rò pé ìjà ló ń jà. Lọ́jọ́ kan ó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún lórí kárọ́ọ̀tì. Ó ní àlùbọ́sà ló máa ń ta èèyàn lójú, kì í ṣe kárọ́ọ̀tì. Kò bi mí léèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun ní Sátidé, pé ó ku ẹnì kan kí ẹgbẹ́ eléré òun pé.

Eré tí wọ́n ń pè ní curling nìyẹn. Òkúta ni wọ́n fi ń ṣe é, ó wúwo ju ọmọ ọlọ lọ fíìfíì, ó sì ní ohun ìmú lórí bíi ti kẹ́tù. Ẹ ó tì í lórí yìnyín tó tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò máa yọ̀ lọ. Ẹni tẹ́ ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ yóò máa fi ìgbálẹ̀ gbá iwájú rẹ̀ kíkankíkan, kí ó lè lọ jìnnà, kí ó má sì tètè yà. Òbìrìkìtì kan wà lópin tí wọ́n ń pè ní ilé. Ẹni tí òkúta rẹ̀ bá sún mọ́ àárín ilé jù ló jẹ ayò.

Mo ṣubú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dìde, mo tún ṣubú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe padà délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i pé n kò ronú ẹkún láti àárọ̀. Bó ṣe di pé gbogbo Sátidé ni mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye lọ sí Kent nìyẹn. Owó ọkọ̀ kò kéré. Ìgbà mìíràn wà tí n kò ní ra ẹran lọ́sẹ̀ náà kí n lè lọ. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá borí ni yóò ra nǹkan mímu fún ẹni tó pàdánù, kí wọ́n sì jọ jókòó. Ọtí ni tiwọn. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé Mùsùlùmí ni mí, tíì ni wọ́n ń gbé síwájú mi, tíì oníwàrà tí ṣúgà rẹ̀ dùn dénú, bí ẹ ṣe máa ń po tèmi nígbà ọyẹ́. Yàrá tí wọ́n ń kó bàtà sí ni mo ti ń kírun Àsárì, Morag á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má bàa já lù mí. Ẹ rántí ife ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ wa gbà, tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, tí ẹ ní ṣé abọ́ ọbẹ̀ ni? Àárò àwọn ọdún yẹn ń sọ mí gan-an.

Nígbà tó yá, Morag fẹ̀yìn tì, ó padà sí Scotland lọ bá ọmọ rẹ̀. Mo rò pé eré náà parí fún mi nìyẹn. Àfi bí àwọn tó ń kó eléré jọ fún Nàìjíríà ṣe gbọ́ nípa mi, wọ́n ní kí n wá ṣojú ìlú wa níbi ìdíje kan tó jẹ́ pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló jọ ń ṣojú orílẹ̀-èdè wọn. Jámíù ni wọ́n fi ṣe ìkejì mi. Peckham níbí ni wọ́n bí i sí, ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Elephant and Castle. Aunty ló ń pè mí. A fi àdéhùn sí i pé Yorùbá la ó máa fi pe ara wa lórí yìnyín, kí àwọn alátakò má bàa mọ èrò wa.

A pàdánù, a tún pàdánù. Ó wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, àwa àti tọkọtaya ará Denmark kan. Mo ti òkúta, mo sáré tẹ̀ lé e, mo ń gbá iwájú rẹ̀. Jámíù tó dúró nínú ilé lódìkejì fẹ́ sọ pé kí n gbá a, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni gbà á. Mo rò pé ó ní kí n gbà á bẹ́ẹ̀, pé ó ti dáa. Mo gbé ìgbálẹ̀ sókè. Òkúta náà dúró sójú ọ̀nà, kò wọlé.

Mo bá a wí, ohùn mi sì le. Ó wolẹ̀. Ó ní Aunty, láti kékeré, bí òun bá ti la ẹnu sọ Yorùbá làwọn àgbàlagbà ń fi òun rẹ́rìn-ín, pé ká kúkú máa sọ Òyìnbó. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní rárá o. Mo bi í pé ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ló máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀ láìronú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó yá ni, pé ọ̀rọ̀ yẹn ni Mummy òun fi ń lé òun jáde lọ sílé ìwé. A fi síbẹ̀. Bó bá ní ó yá, kí n gbá. Bó bá ní ó tó, kí n dúró.

Ìgbà tó kan òkúta ìkẹyìn, ayò dọ́gba. Mo ṣe Bìsìmílà, mo tì í, mo dìde tẹ̀ lé e. Ó ń lọ́ra. Jámíù figbe ta, ó yá Aunty, ó yá, ó yá, gbogbo gbọ̀ngàn gba ohùn rẹ̀. Orúnkún mi dún pàó. N kò dúró. Òkúta náà rọra wọlé, ó fi ara nu tiwọn, ó sì jókòó sí àárín gbùngbùn. Kí n tó mí, Jámíù ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi lórí yìnyín. Ìyàwó ará Denmark yẹn sáré wá láti gbé e dìde, ó rò pé ó ṣubú ni.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn nìkan la borí, Màámi, ẹ̀yìn náà la sì parí sí. Ṣùgbọ́n n kò tíì yọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nílùú yìí.

Dókítà wo orúnkún mi, ó ní tí mo bá ṣì fẹ́ máa rìn dọ́jọ́ ogbó, kí n fi eré náà sílẹ̀. Jámíù ní òun náà kò ṣe mọ́. Mo ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Mo bá a wá ìkejì, ọmọbìnrin kan láti Forest Hill tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, mo sì kó ìgbálẹ̀ mi fún un.

Sátidé tó kọjá ni àkọ́kọ́ tí n kò lọ. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó pa á dé, ó lọ. Mo padà sílé, mo sùn títí fóònù mi fi pe ìrun ọ̀sán. Oorun náà dùn. Nígbà tí mo jí, mo sunkún díẹ̀, mo sì dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Màámi, mò ń bọ̀ wá kí yín kí ààwẹ̀ tó dé, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú ríra. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ò ní rí àrùn. Ẹ bá mi kí gbogbo ọmọ ìyá mi, ẹ kí àwọn ará àdúgbò tó bá béèrè mi.

Èmi ọmọ yín tòótọ́,
Rísíkátù