Ìdágbére Tí Kò Fẹ́ Tán

Ilé Àlejò Sonoda,
Ìsàlẹ̀ Òkè Aso,
Kumamoto, Japan.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì, 2019.

Chizuru, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù Sapporo o, ìwọ àti gbogbo ilé rẹ. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà? Orúnkún ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gun àtẹ̀gùn? Mo mọ̀ pé o máa ní bó bá lè gùn ún, yàrá rẹ ló máa gùn ún wá. Fara dà á. Ara èmi náà le, àfi apá ọ̀tún mi tí n kò lè gbé sókè. Ọwọ́ jíjù ló fà á. Má tíì rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí n rò ó délẹ̀.

Tọkọtaya kan láti ilẹ̀ Potogí ni èmi àti Hidaka awakọ̀ ń mú káàkiri báyìí, àwọn méjèèjì nìkan. Ọ̀gbẹ́ni Anselmo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ adájọ́; Belmira ìyàwó rẹ̀, bí o bá kí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló máa dáhùn. A ti rin Kyoto, a ti rin Kanazawa, wọ́n wo ààfin àtijọ́ títí ó fi sú wọn, kí a tó wá síbí wá wẹ omi gbígbóná tó ń sun lábẹ́ òkè oníná. Bí ọkùnrin náà ṣe wọnú omi ló ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun mọ́, àfi bí oúnjẹ bá délẹ̀.

O mọ Màmá Sonoda tó ni ilé yìí. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, òun ni mo ń pè ní ìyá. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sì dá a dúró sí ọsíbítù lóṣù tó kọjá. Dókítà kìlọ̀ pé afẹ́fẹ́ tútù ò gbọdọ̀ fẹ́ sí i láyà, pé bí àìsàn yẹn bá tún padà, ó lè mú un lọ. Láàárọ̀ àná tí a fẹ́ máa lọ, yìnyín ń bọ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé inú ilé ni kó ti dágbére fún wa. Ó wò mí bíi pé mo ní kó ta òrùlé.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é: onílé kì í padà wọlé títí ọkọ̀ àlejò yóò fi pòórá lójú. Màmá jáde sẹ́nu géètì pẹ̀lú Tokumaru alásè àti àwọn obìnrin méjì tó ń tọ́jú yàrá. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n ń juwọ́. A juwọ́ padà. Ọkọ̀ wa rọra ń lọ, ó ku díẹ̀ báyìí kó yà lẹ́yìn igbó ọparun, ló bá kú.

Hidaka ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń kùn. Wọ́n ń juwọ́. Belmira ń juwọ́ padà. Mo yọrí síta, mo fọwọ́ ṣe é pé kí Màmá máa wọlé. Ó rò pé ìdágbére ni, ló bá fi kún tirẹ̀. Èmi náà ò kúkú lè ká ọwọ́ mi kò nígbà tí àgbà ń juwọ́ sí mi. Ó pẹ́ kí n tó fẹsẹ̀ rìn padà lọ bá a.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

"Ọkọ̀ ti lọ ni?"

"Rárá mà, ó bàjẹ́ ni. Dókítà ní kẹ́ ẹ má dúró síta."

"Dókítà ló ni àlejò ni, Nobue?"

Tokumaru ní kí a ti ọkọ̀ náà kó lè yà. A sáré lọ. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn fi ọwọ́ kan tì í, wọ́n ń fi èkejì juwọ́ sí àwọn tó wà nínú rẹ̀. Yìnyín ń yọ̀ lábẹ́ táyà, ni ọkọ̀ bá ń yọ̀ padà sẹ́yìn, ó túbọ̀ ń sún mọ́ géètì. Ọ̀gbẹ́ni Anselmo wá dámọ̀ràn pé kí òun àti ìyàwó òun dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ kí Màmá má rí wọn mọ́. Wọ́n dùbúlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ Belmira ṣì ń yọ lójú fèrèsé. Tokumaru lọ kó aṣọ ìtẹ́bùsùn wá, a fi bo ọkọ̀ látòkè délẹ̀.

"Ìkòkò tí ẹ dé lórí," ni Màmá wí, "ṣé kò sí lórí iná mọ́ ni?"

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ètè rẹ̀ ṣú. Ẹ̀rù bà mí, Chizuru, ẹ̀rù gidi. Mo ti sin ìyá kan, n kò fẹ́ sin èkejì nítorí ẹ́ńjìnnì.

Mo fa tọkọtaya náà jáde lábẹ́ aṣọ, mo gbé àpò wọn, a rìn dé géètì. Mo dúró níwájú Màmá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Àgò onílé o. Àlejò dé."

Ọwọ́ Màmá dúró lókè. Ó wo àwọn àlejò, ó wo ọkọ̀ tí a daṣọ bò, ó wò mí. Nígbà tó yá, ó tẹrí ba dé orúnkún.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn. Òtútù á ti mú yín, ẹ jẹ́ ká wọlé."

Òun ló ṣíwájú, nítorí onílé ló ń fọ̀nà han àlejò. A fi í jókòó sídìí iná, a fi aṣọ òtútù wé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè bí àjèjì.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Láti ìdí ọparun ọ̀hún, mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Anselmo dáhùn.

"Ó jìnnà o. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Dókítà wá lọ́sàn-án, ó ní ọpẹ́ ni pé ó wọlé nígbà tó wọlé. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ikọ́ náà ti rọlẹ̀, Màmá sì ti sùn lọ sídìí iná. Hidaka yọjú, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, ó rọra sọ fún wa pé ọkọ̀ ti ṣe, pé a lè gbéra bílẹ̀ bá mọ́. Gbogbo wa bojú wo Màmá. Yìnyín ṣì ń bọ́ níta. Ọ̀gbẹ́ni Anselmo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Hidaka, ó tì í sápò.

"Ọkọ̀ wo?" ló wí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fi sùúrù bá mi kí ìyá rẹ̀. Bí o bá máa fèsì, àdírẹ́sì òkè yìí ni kí o kọ ọ́ sí. A ò lọ síbì kankan títí yìnyín yóò fi dá.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ nígbà gbogbo,

Nobue