Búlúù Pọ̀ Jù Lára Aṣọ Rẹ

Ṣàrífátù, mo ti lọ sí Godomey. Búlúù tí mo fi ṣan aṣọ funfun tí o máa wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́la ti pọ̀ jù. Bí mo ṣe ń ṣe jalabíà bàbá rẹ ni mo ṣe é. Má bínú, tún un fọ̀ kí oòrùn tó lọ.

Èmi ni mo yọ ẹ̀rọ tí ẹ ó fi máa gbọ́ àyà aláìsàn nínú àpò rẹ láàárọ̀. Mo fi gbọ́ tèmi. Àṣé bí ọkàn mi ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi nìyí, n kò sì kí i kú iṣẹ́ rí. Mo wá rọra gbé e lé àyà tìrẹ lójú oorun. Mo jókòó sílẹ̀. Inú ikùn mi ni ọkàn tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìyá rẹ