Wọn Ò Ní Fa Àgbàdo Rẹ Tu

Ọmọ mi,

Irọ́ ni o. Mi ò da oògùn apakoríko sí àgbàdo rẹ, ẹni tó sọ fún ọ kò dé oko. Má sì fi mí rẹ́rìn-ín pé mo pè ọ́ lọ́mọ: o fi ọdún méjì jù mí lọ, ṣùgbọ́n àbúrò bàbá rẹ ni mí, nítorí náà bàbá rẹ ni mí. Ṣé ara le? Ojú ò ní tì ọ́ níbi iṣẹ́ irúgbìn tó ò ń ṣe. Ìyá àgbà kí ọ; eyín tó ń dùn ún ti yọ, ariwo rẹ̀ sì ti padà dé.

Nínú ọgọ́jọ àgbàdo tó hù, mọ́kànlélógójì funfun báláú, ìyókù ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á. Káàdì aláwọ̀ ewé tó o fi ránṣẹ́ kí n máa fi wọn bí ewé ṣe dúdú sí, mo fi igi gbé e ró, mo kọjú rẹ̀ sí àwọn funfun láràárọ̀, kí wọ́n lè rí bó ṣe yẹ kí wọ́n rí. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, kò sí èyí tó kọ́ nǹkan kan. Gbogbo wọn kú. Ìgbà náà ni mo tún lẹ́tà rẹ kà, tó o ní ewé funfun ò lè wá oúnjẹ fún ara rẹ̀, pé ìyá àti bàbá wọn ló fi funfun pamọ́ sára, tí ọmọ bá wá gbà á lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó di funfun, ọ̀kan nínú mẹ́rin. Èmi ló yẹ kí n máa wo káàdì. Ó dáa.

Olórí àgbẹ̀ ní àrùn ni, kí a fa gbogbo rẹ̀ tu kó má baà ran oko ẹlòmíì. Mo bi í pé àrùn wo ló ń mú ọ̀kan tó ń fo mẹ́ta. Ó ní olóríkunkun ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo mọ̀ pé funfun yẹn ṣì pamọ́ sínú àwọn tó kù, tí wọ́n bá fà wọ́n tu kí wọ́n tó gbó, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta rẹ ti run nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí olórí àgbẹ̀ àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbé ọkọ́ dé, mo dúró síwájú ebè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó wà lẹ́yìn mi. Ìyá àgbà, ọ̀kan. Kápẹ́ńtà, méjì. Tíṣà, mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀ọ́kán ló dúró sí. Ìyàwó olórí àgbẹ̀ wá gbé ọkọ́ tiẹ̀ kọjá lára ọkọ rẹ̀, mo ní ó tán. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ro ìdí àgbàdo rẹ. N ò ka èèyàn mọ́. Mo gbé ọkọ́, mo tẹ̀lé e.

Fi káàdì mìíràn ránṣẹ́, ewúrẹ́ ti jẹ ìyẹn, apá tó dúdú jù ló ti bẹ̀rẹ̀. Kí o sì wá fúnra rẹ tó bá gbó. Iṣẹ́ rẹ ò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kò tíì bàjẹ́ mọ́ èmi náà lọ́wọ́.

Èmi ni bàbá rẹ kékeré.