Pọ́ǹpù Ńlá Tí Mo Fi Sínú Ẹ́ńjìnnì Eléyín

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
A ti tún ẹ́ńjìnnì Eléyín tò láti òkè délẹ̀. Eléyín — dókítà tó ń yọ eyín fáráyé, tó ń fi mọ́tò sáré ìje lópin ọ̀sẹ̀. Pọ́ǹpù ọ́ìlì ló kù. Méjì wà lórí tábìlì, kékeré àti ńlá. Ọmọ mi obìnrin ní kékeré ni. Ó ní ihò tí ọ́ìlì ń gbà sọ̀ kalẹ̀ há, pé ńlá yóò fà á lọ sókè tán kó tó ráyè padà. Ó yà á sínú ìwé hàn mí. Ìwé! Èmi tí n kò kà ju ìwé mẹ́ta lọ, mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì kó tó hu eyín. Lóòótọ́, orúkọ tirẹ̀ ló wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ta ló fà á lé e lọ́wọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ó kí mi láàárọ̀. Ó tán síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo rán an lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì. Kó tó dé, mo ti de ńlá mọ́ ọn, mo fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin. Ó wò ó títí. "Ẹ ti ṣe é náà nìyẹn, Màámi." Ó lè tú u. Kò tú u. Mo rò pé mo borí.

Àbámẹ́ta, 9
A tan án. Abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì dúró ṣánṣán lókè. Mo ní ìwé ẹ dà? Ó ní kí n jẹ́ kó sáré ná. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi.

Àbámẹ́ta, 16
Ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì lẹ́nu eré ìje. Ìyípo kẹrin.

Ọjọ́ Àìkú, 17
A tú u. Ọ́ìlì pé, kò jò — àmọ́ kíráǹkì, ọ̀pá irin tó ń yí nínú rẹ̀, ti jó dúdú. Eléyín ní bí òun ṣe wọ kọ́nà gígùn, abẹ́rẹ́ já wálẹ̀ bí ẹni dákú. Ọ́ìlì wà lókè, pọ́ǹpù ń mu afẹ́fẹ́. Bí ọmọ mi ṣe wí gẹ́lẹ́.
Eléyín bèèrè ẹni tó yan pọ́ǹpù yìí. Mo la ẹnu. Ọmọ mi ní, "Èmi ni, sà." Eléyín bú u bí ẹni bú olè. Ó ní òun ń kó mọ́tò òun lọ, òun yóò sì kìlọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ onímọ́tò eré. Sípánà wà lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi ṣì là.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19
Mo bi ọmọ mi pé kí ló dé tó fi gba ẹ̀bi sọ́rùn. "Ta ni ẹ fẹ́ kí n tọ́ka sí níwájú oníbàárà? Màámi?" Ó ń gbálẹ̀ lọ. Ẹnì kan kò gbé mọ́tò wá lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 22
Mo lọ sọ́dọ̀ Eléyín. Mo jókòó sáàárín àwọn tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Nígbà tó kàn mí, ó ní kí n yanu. Mo ní ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe eyín. Mo sọ ọ́ tán: ọmọ mi kọ̀, mo rán an níṣẹ́, mo de é lẹ́yìn rẹ̀. Ó yọ ìbọ̀wọ́. Ó ní òun yóò dá ẹ́ńjìnnì padà, òun yóò sì pe àwọn tí òun kìlọ̀ fún — bí ọwọ́ Màmá kò bá ní kàn án mọ́. Ó dùn mí wọ eegun. Mo ní ó dáa.

Ọjọ́ Ajé, 25
Ẹ́ńjìnnì padà dé. Ọmọ mi ní Eléyín ti bẹ òun. Kò bi mí ní nǹkan kan. Omi wà lójú rẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹrin
Kékeré ló fi sí i. Nígbà tó ku nọ́ọ̀tì ìkẹyìn, ó na sípánà sí mi. "Ẹ bá mi fún un, Màámi." Kò mọ̀ nípa àdéhùn èmi àti Eléyín. N kò sọ ọ́ fún un. Mo ní ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Irọ́ ni.
Mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún un.