Èmi ni mo gbé kòkòrò wọ yàrá kọ̀ǹpútà wa

Mo lu ọmọ ọlọ́mọ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde létí rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ lù ú, èmi gan-an ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi orúkọ mi pamọ́... tísà ni mí, ó ku oṣù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ tí mo kọ́ wà káàkiri, ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú wọn wà lórí pèèjì yìí pàápàá. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kà á tán, torí ìmọ̀ràn ni mò ń wá.

Ìṣẹ́ Èkìtì ló ti ṣẹlẹ̀, ní bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Èkìtì kúrò lára Oǹdó, tí a ṣì ń fi orúkọ ìpínlẹ̀ tuntun yangàn. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun kó kọ̀ǹpútà márùn-ún ránṣẹ́ sí ilé ìwé wa. Márùn-ún péré o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ńṣe ni tàgbà tèwe ń wá wò wọ́n bí ẹni wo ìyàwó tuntun. Pírínsípà ní ta ló mọ̀ ọ́n lò. Gbogbo stáàfù wolẹ̀. Èmi nawọ́. Kí ni mo mọ̀? Mo mọ typewriter tẹ̀, mo rò pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni òun àti kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe di computer teacher nìyẹn, mo sì ra táì tuntun méjì nítorí ẹ̀.

Àwọn ará òkè òkun yìí náà ló so wá pọ̀ mọ́ ilé ìwé kan lọ́dọ̀ wọn, pé kí àwọn ọmọ wa àti àwọn ọmọ tiwọn máa kọ lẹ́tà síra wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n jọ máa kọ́ ẹ̀kọ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì wo ló wà ní Ìṣẹ́ nígbà náà? Àwọn ọmọ á fi bírò kọ tiwọn, èmi á tẹ̀ ẹ́ sórí dísíkẹ́ẹ̀tì, pẹlẹbẹ dúdú kan tó ń wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, tó bá di Sátidé màá wọkọ̀ lọ sí cyber café ní Ìkẹ́rẹ́, màá fi ránṣẹ́, màá kó èsì wọn sórí dísíkẹ́ẹ̀tì yẹn náà, màá gbé e padà wá, màá sì tì í bọ inú àwọn kọ̀ǹpútà wa lọ́kọ̀ọ̀kan kí àwọn ọmọ lè ka lẹ́tà wọn, kí n sì tẹ̀ wọ́n jáde. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, mi ò ní parọ́. Tí mo bá ń bọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́, mo máa ń rò pé gbogbo ayé ló wà nínú àpò mi.

Ẹnìkan ti wá kìlọ̀ fún mi pé nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní virus, pé kòkòrò ni, ó ń pa kọ̀ǹpútà. Kò ṣàlàyé, èmi náà kò bi í, ṣé kó wá mọ̀ pé mi ò mọ̀ ni? Mo rò ó fúnra mi: ibi tí ìdọ̀tí bá wà ni kòkòrò ń gbé. Mo bá ṣòfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà kí oníkálukú fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá ń sín tàbí tó ń wúkọ́ kò ní wọlé rárá. Mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, mo fi ṣe ìbéèrè nínú ìdánwò, ẹni tó bá dáhùn pé ìdọ̀tí ló ń fa virus ló gba máàkì. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Pírínsípà ní mo káre nígbà náà.

Ọmọbìnrin kan wà ní SS1, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bọ́láńlé, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń dáko kókó àti iṣu lọ́nà Ẹmùré, ọmọ náà a sì máa ti oko bọ̀ wá sílé ìwé láàárọ̀. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, èyí ló sì ń bí mi nínú. Nínú lẹ́tà tirẹ̀, ó bi ọmọ òkè òkun tó ń kọ̀wé sí i pé kí ni virus gan-an. Èsì dé. Èmi ni mo gbé e wá láti Ìkẹ́rẹ́, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde, èmi ni mo fi lé e lọ́wọ́, mi ò kà á!

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kò sí kọ̀ǹpútà kan tó dáhùn. Mo tan èyí, ó dákẹ́. Mo tan ìyẹn, ó dákẹ́. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn sì ni àwọn àgbà ìlú ń bọ̀ wá wo ohun tí àwọn ọmọ wọn rà. Òógùn bò mí. Mo yíjú sí àwọn ọmọ tó dúró láìwọ bàtà, mo rí ẹrẹ̀ gbígbẹ ní kókósẹ̀ Bọ́láńlé, mo ní òun ni, òun ló gbé kòkòrò láti oko wọlé. Ó nawọ́, ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí òun ní virus kì í wá láti ara ìdọ̀tí, ó ní dísíkẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e láti ibi kan dé ibòmíràn. Gbogbo kíláàsì wo àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi gbéra. Mo gbá a létí, ó fì sára ògiri, mo tún gbá a níbẹ̀. Mo fa wáyà yọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, mo ká a mọ́ ọwọ́ mi, mo fi lù ú léjìká, lẹ́yìn, lórí, ó ń bẹ̀ mí, ó ń pè mí ní daddy, àwọn ọmọ ń ké... mi ò gbọ́. Ìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ tó ń ti etí òsì rẹ̀ ṣàn sórí kọ́là funfun ni mo tó dúró. Ẹ gbà mí, kí ló ṣe mí? Torí pé ojú tì mí, mo fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Kó tó dìde nílẹ̀ mo ti já lẹ́tà yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi í sápò.

Kò pé wákàtí méjì tí bàbá rẹ̀ dé pẹ̀lú àdá. Mo fò jáde lójú fèrèsé. Kò rí mi, ó rí kọ̀ǹpútà. Àdá kan, gíláàsì kan, ó fọ́ márààrún. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú gbọ́ pé ẹnìkan ń ba ohun ìlú jẹ́, wọ́n ya bò ó. Wọ́n fi igi lù ú, wọ́n dè é mọ́ òpó fàràńdà, wọ́n ṣẹ́ orúnkún rẹ̀. Èmi ń wò láti ẹ̀yìn ilé. Bí Ọlọ́run ti ń wò mí, ohun àkọ́kọ́ tó wá sọ́kàn mi ni pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ pé àwọn kọ̀ǹpútà náà ti kú tẹ́lẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, mo jáde, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, mo ní mo ti dárí jì í. Èmi o! Àwọn èèyàn ní tísà mà ní àánú. Bàbá yẹn fi orúnkún tó ṣẹ́ wọ́lẹ̀ dé iwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀. Pírínsípà sọ fún un pé agídí ọmọ rẹ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó gbà á gbọ́, ó dé ilé, ó tún fi bẹ́líìtì na ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni ọmọ náà sá lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, bàbá àti ọmọ kò ríra.

Ní ọdọọdún tí iṣu tuntun bá ti jáde, bàbá yìí a máa tiro wá sílé mi pẹ̀lú iṣu mẹ́fà. Ó ní mo gba ẹ̀mí òun là. Mò ń gbà á, ìyàwó mi ń gún un, à ń jẹ ẹ́. Ó ti lé lógún ọdún.

Ẹ gbọ́ èyí tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n ní kí gbogbo àwa tísà agbègbè wa kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kó wa sínú group WhatsApp kan. Obìnrin tó ń kọ́ wa wà ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ní ká má bínú, ká máa tẹ ìbéèrè wa ju ká fi voice note ránṣẹ́ lọ, torí etí òsì òun kò gbọ́ràn láti ilé ìwé girama. Mo wo orúkọ. Òun ni. Fóònù ọmọ mi ni mò ń lò, orúkọ ọmọ mi ló ń jáde níbẹ̀, obìnrin náà kò mọ̀ pé èmi ni, ó kàn ń pè mí ní Bàbá. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi fáìlì ránṣẹ́, ó kọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò jágbe mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan.

Àná ni bàbá rẹ̀ dé. "Tísà, uṣu yín rèé o," bó ṣe máa ń sọ ọ́. Voice note ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ lórí fóònù, mo ti yí i sókè torí ọjọ́ orí. Bàbá gbé iṣu sílẹ̀, ó dúró, ó tẹ orí sí i, ó tẹ́tí. Ó bi mí ta nìyẹn. Mo pa fóònù, mo ní rédíò ni. Ó ní ohùn yẹn jọ ti ẹnìkan tóun mọ̀, ó nujú, ó tiro lọ.

Lẹ́tà yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Ṣé ọmọ ni kí n kọ́kọ́ fi lẹ́tà náà hàn ni, àbí bàbá? Ṣé kí n fẹ̀yìn tì ná kí n tó sọ ọ́, kí wọ́n má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi? Bí bàbá bá kú kí n tó sọ ọ́ ńkọ́? Bó bá sì tún gbé àdá, mo mọ̀ pé mi ò ní sá lọ́tẹ̀ yìí. Iṣu mẹ́fà ló wà nílẹ̀ ilé ìdáná, ìyàwó mi ti gbé ọ̀bẹ, ó ń bi mí mélòó lòun máa bẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?