Ohun Kan Tí Màmá Máa Ń Yọ Lára Ìyàwó

Ìperu Rẹ́mọ ni wọ́n ti bí Olóògbé Díákónẹ́ẹ̀sì Victoria Àyìnkẹ́ Ògúndípẹ̀, sínú ẹbí Ọlákìtán. Ọdún tí wọ́n bí wọn gan-an ni kò dá ẹnikẹ́ni lójú. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí ní 1948, ìwé ìrìbọmi ní 1945, àbúrò wọn, Àǹtí Yíwọlá, sì ní irọ́ ni méjèèjì. Ẹbí fi 1946 sára pósítà kí ìjà lè tán. Bàbá wọn, Olóògbé Josaya Ọlákìtán, jẹ́ olùṣọ́gbà fún àwọn òyìnbó rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta. Ìyá wọn, Olóògbé Raheli, jẹ́ aránṣọ. Lọ́wọ́ bàbá ni Màmá ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú òdòdó róòsì, àti bí a ṣe ń fi èékánná yọ ẹ̀gún rẹ̀ láìfara pa. Lọ́wọ́ ìyá ni wọ́n ti mọ abẹ́rẹ́ dì mú.

Ní ọdún 1953, Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta, wọ́n kà á yege, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Yábàá. Ní 1969, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọlábánjí Ògúndípẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Ní 1978, ìdílé náà kó wá sí Festac Town, sí fúláàtì òkè kan ní Fifth Avenue. Garawa ọ̀dà mọ́kànlá ni Màmá gbin róòsì sí lójú fáráńdà.

Ní 1986 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìyàwó láṣọ. Gbogbo Amuwo-Odofin ló mọ ọwọ́ wọn. Láyé tí àwọn ìyàwó ń dé adé, tí wọ́n ń wọ ìbọ̀wọ́ dé ìgúnpá, tí ojú wọn ń dán bí abọ́ tánganran, ti Màmá yàtọ̀: gáùn funfun kan, irun tí a fà sẹ́yìn, àtíkè díẹ̀, yẹtí kékeré, àti róòsì mẹ́ta lọ́wọ́. Ó parí. Bí ìyá ìyàwó bá ń ráhùn pé ó kéré jù, Màmá á ní, “Ẹ jẹ́ káyé rí ọmọ yín, kì í ṣe ọjà tí ẹ rà fún un.”

Bí ìyàwó bá sì ti dé ẹnu ọ̀nà, Màmá á ní kó dúró. Wọ́n á wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní, “Ohun kan ṣì pọ̀ jù,” wọ́n á sì yọ ọ́: ẹ̀gbà ọwọ́ ni o, pín-ìn irun ni o, òrùka ni o. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ̀rọ̀ kan sí i létí, tí ẹlòmíràn kì í gbọ́.

Ní Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 2003, ó kan Ẹ̀bùnlọlá, àkọ́bí wọn. Ṣéènì góòlù tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi sí i lọ́rùn láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Màmá yọ, lójú gbogbo àna. Ojú ti Ẹ̀bùnlọlá, inú sì bí i. Kí Màmá tó fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ó ti yí orí dànù, ó ti wọ mọ́tò lọ. Láti ọjọ́ náà, “ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún” nìkan ló kù láàárín ìyá àti ọmọ. Ẹ̀bùnlọlá kò béèrè ṣéènì, Màmá kò sì dá a sọ. Agídí ni Màmá, agídí ni wọ́n sì bí.

Màmá gba Jésù ní Olúwa àti Olùgbàlà ní 1989, wọ́n sì di díákónẹ́ẹ̀sì ní 1997. Àwọn ni ó ń to òdòdó síwájú pẹpẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́rìnlá ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Kuje, nítòsí Festac. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2008, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Màmá sùn nínú Olúwa.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti rú ẹbí lójú. Ẹbí ìbá gbé e mì, ṣùgbọ́n ẹnu ayé ti gbé e jáde, ó sì sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu onílé. Nígbà tí Ẹ̀bùnlọlá ń wá aṣọ ìsìnkú, ó rí agolo bisikíìtì kan nísàlẹ̀ àpótí Màmá. Ohun ẹ̀ṣọ́ mọ́kànlélógójì ló wà nínú rẹ̀, tí a fi òwú pupa so orúkọ ìyàwó àti ọjọ́ ìgbéyàwó mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yéè! Àǹtí Yíwọlá pe Jésù lẹ́ẹ̀méje. Ta ni yóò rí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ nínú òwú pupa tí kò ní fò sókè? Àwọn kan ní Màmá jí wọn ni. Àwọn mìíràn ní ògo àwọn ìyàwó ni wọ́n dè mọ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Kuje, ó ti dé Mazamaza, wọ́n sì ti ń bi Bàbá bóyá inú ìjọ ni wọn yóò ti sin Màmá. Bàbá tí ó bá wọn gbé fún ọdún mọ́kàndínlógójì kò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Ẹ̀bùnlọlá, tí ó yẹ kí ó kọ ìtàn yìí fún àwọn atẹ̀wé, kọ ọ́ dé ibi iṣẹ́ Màmá, ó sì jáwọ́. Kò mọ ẹni tí òun ń kọ nípa rẹ̀ mọ́. Ṣé olè ni? Ṣé àjẹ́ ni? Àbí ìyá òun náà ni?

Àǹtí Yíwọlá ní kí wọ́n dáná sun agolo náà. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé, wọ́n da òróró àdúrà sí i lórí. Bàbá ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìṣáná ni wọ́n ń wá nígbà tí Stella, tí Màmá wọ̀ láṣọ ìyàwó ní 2006, wọlé wá kí ẹbí kú ará fẹ́ra kù. Ó rí agolo, ó bú sẹ́kún.

“Pín-ìn mi nìyẹn! Àbí ẹ ò mọ̀ ni? Màmá sọ fún mi létí pé, tí mo bá ti lo ọdún kan nílé ọkọ, kí n wá gbà á, kí àwọn lè wo ojú mi, kí àwọn mọ̀ bóyá ọkọ mi ń tọ́jú mi. Mo kàn ń sún un síwájú ṣáá ni.”

Ẹbí kò gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Jùwọ́nlọ, ọmọ wọn ọkùnrin, mú ìwé iṣẹ́ Màmá, ó pe àwọn ìyàwó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ. Àwọn tí ó padà wá ti gba tiwọn lọ tipẹ́. Ti àwọn tí kò wá ló kù nínú agolo. Méjì nínú wọn jẹ́wọ́ pé ilé ọkọ kò rọgbọ, ojú ló ń ti àwọn láti yọjú sí Màmá. Àǹtí Yíwọlá ti kúnlẹ̀ bẹ Bàbá, àwọn fúnra wọn ló sì ní kí ẹbí kọ ọ́ síbí.

Ìwé pélébé kan ló wà lára ohun kọ̀ọ̀kan. Ti Ẹ̀bùnlọlá nìkan ló ní mẹ́rin sí i. Màmá kọ ọ́ pé: “25/10/2004, Ẹ̀bùn kò tíì wá.” Ọdún tó tẹ̀ lé e, “Ẹ̀bùn kò tíì wá.” Bẹ́ẹ̀ ló lọ dé 2007. Mazamaza ni Ẹ̀bùnlọlá ń gbé, kò tó ogún ìṣẹ́jú sílé Màmá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, kò sì sẹ́ni tó lè gbé e dìde.

Màmá fi ọkọ sáyé lọ, Bàbá Ọlábánjí Ògúndípẹ̀, àwọn ọmọ, Ẹ̀bùnlọlá aya Dennis, Jùwọ́nlọ àti Tolú, ọmọ-ọmọ márùn-ún, tí Àdúràolúwa jẹ́ àgbà wọn, Àǹtí Yíwọlá, àti ọ̀pọ̀ ìyàwó tí ẹbí kò lè kà tán.

Agolo náà wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó wá gba tirẹ̀. Ẹ̀bùnlọlá ni yóò wọ Màmá láṣọ: gáùn funfun kan, àti róòsì mẹ́ta láti inú garawa ọ̀dà. Ẹ má ṣe sọ pé ẹbí háwọ́. Kí wọ́n tó bo pósí, yóò yọ ohun kan lára wọn, yóò sì sọ̀rọ̀ sí wọn létí. Ẹ óò rí ṣéènì góòlù náà lọ́rùn Ẹ̀bùnlọlá.

Màmá, ọmọ Ọlákìtán, ẹ sùn re o. Ilẹ̀ á dẹ̀ fún yín. Ẹ̀bùn ti wá.