Ẹlẹ́nu Pẹ́pẹ́yẹ Kò Jẹ́ Kọ́mọ Wálé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹsàn-án
Dókítà Odò pè. Ọmọ mi kan ṣoṣo ni, kò tíì di dókítà kankan, ìwé ẹranko ló ń kà lókè òkun. Kò ní lè wálé lópin ọdún mọ́. Kí ló dé? Ẹranko kan fẹ́ yé ẹyin. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ẹran onírun ni o, ó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹnu rẹ̀ rí bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ó sì ń yé ẹyin. Orúkọ rẹ̀ gùn ju ìrù rẹ̀ lọ, mo ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́nu Pẹ́pẹ́yẹ. Ọmọ mi gbọ́dọ̀ wà létí odò kó máa ṣọ́ ọ. Ó kú iṣẹ́. Èmi tí mo rọbí lóru ọjọ́ kan láìyé ẹyin, ta ló ń ṣọ́ mi?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta
Ọ̀gá Jọ́gíráfì ti lẹ máàpù mọ́ ògiri pálọ̀. Ọkọ mi nìyẹn. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, iṣẹ́ tíṣà ni kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ayé yìí, Ọsirélíà àti Niugíní nìkan ni ẹran tó ń yé ẹyin tó sì ń fọ́mọ lọ́mú wà. Oríṣi kan dà bí òòrẹ̀, ìyẹn wà níbi méjèèjì. Ẹlẹ́nu Pẹ́pẹ́yẹ ní tirẹ̀ kì í kọjá àwọn odò ìlà-oòrùn Ọsirélíà àti erékùṣù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní ṣé kò lẹ́sẹ̀ ni? Ó ní ibi tó bá a lára mu ló ń gbé. Mo ní ọmọ tiwa náà ńkọ́? Ó kọjú sí máàpù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún
Aṣọ ilé-ìwé tí mo fẹ́ rán kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Mo rán apá òsì sí ọ̀tún. Mo tú u. Mi ò dárúkọ ẹranko tó fà á.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje
Nọ́ọ̀sì, oníbàárà mi kan, wá wọ aṣọ tí mo rán fún un wò. Ó ní òun lọ ṣeré létíkun, òun rí dọ́fínì tí wọ́n ń fò sókè lójú omi. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi, mi ò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orí mi ti ń ṣiṣẹ́.

Mo bi Ọ̀gá Jọ́gíráfì: nínú òkun wo ni dọ́fínì ń gbé? Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n dá padà sí kíláàsì. Ó ní ẹ má pè é lẹ́ja o, afọ́mọlọ́mú ni, ọmọ ló ń bí. Ó fi ìka yí òkun gbogbo àgbáyé ká. Títí kan tiwa níbí, tí bọ́ọ̀sì ń lọ sí etí rẹ̀ tó sì ń bọ̀.

Ẹranko tó ń bímọ bí èèyàn, tó sì ń gbé nítòsí ilé. Ọlọ́run ṣeun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án
Mo pe Dókítà Odò. Mo polówó dọ́fínì bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn. Mo ní ojú kan há jù fún ọ̀mọ̀wé bíi tirẹ̀. Mo ní ẹranko tó wà káàkiri ayé ló ń sọ èèyàn dẹni ńlá. Ó ní, "Màámi, níbo lẹ ti mọ dọ́fínì?" Mo ní ẹni tó bí ọ̀mọ̀wé náà ń kàwé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ní òun máa rò ó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá
Mo tún yàrá rẹ̀ ṣe. Mo pààrọ̀ kọ́tìnnì. Ọ̀gá Jọ́gíráfì bèèrè pé àlejò wo ló ń bọ̀. Mo ní kó máa wo máàpù rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́
Ó gbọ́ràn o. Ó ti fi Ẹlẹ́nu Pẹ́pẹ́yẹ sílẹ̀. Mo kígbe, ọkọ mi sáré wọlé, ó rò pé abẹ́rẹ́ gún mi.

Dọ́fínì ló fẹ́ máa ṣọ́ báyìí. Àwọn kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń gbé inú odò Amasọ́nì, láàárín igbó. Ọdún mẹ́rin ló máa lò níbẹ̀. Mo ní òkun wa ńkọ́? Ó ní tinú òkun ti lẹ́ni tó ń ṣe é. "Ẹ̀yin náà lẹ ní wọ́n wà káàkiri ayé, Màámi. Ọ̀rọ̀ yín ló là mí lójú." Ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ ní kó kí mi, pé ìyá tó gbọ́n ni mí.

Mo kọjú sí Ọ̀gá Jọ́gíráfì: ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń gbé inú odò? Ó ní òun mọ̀, òkun ni mo bi òun.

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ló wí i. Èmi náà ti yé tèmi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún
Mi ò lè jẹun. Mo ro gbogbo ohun tí mo sọ fún ọmọ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí wá. Ẹyin, odò, òkun, dọ́fínì. Mo pè é padà. Mo ní, "Àárò rẹ ń sọ mí. Ìdí tí mo fi ń pariwo dọ́fínì nìyẹn."



Ó ní, "Màámi, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ká ní ẹ ti sọ ọ́ lánàá ni." Ó ti fọwọ́ síwèé ọdún mẹ́rin náà láàárọ̀ yìí.